Ẹni Tó Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìlú

   

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀yin náà lè ti gbọ́ irú rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan níbẹ̀ pé Amẹ́ríkà ti san owó gbà-má-bìínú tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún àwọn tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe àwọn lọ́ṣẹ́. Ó ní kóòtù kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún ẹjọ́ náà. Ó ní bí abẹ́rẹ́ yìí bá dára, kí ni wọ́n ń sanwó sí? Ó wá fi òwe dì í: ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá sanwó ti jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àbúrò mi, ìwọ tó o wà ní rédíò, ṣé òótọ́ ni?"

Mo dá wọn lóhùn pé: owó náà, òótọ́ ni. Kóòtù náà, òótọ́ ni. Ìjẹ́wọ́ yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo ní ọ̀rọ̀ náà ju ohun téèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù lọ, kí wọ́n dúró di ọjọ́ ètò mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ ti pé o.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà abúlé wọlé. Ká ní omi wọ́ afárá ìlú kan lọ. Ọba ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan wá, kí wọ́n jọ gé igi, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí odò. Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, igi kan yí bìrí, ó bọ́ lu ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, eegun kán. Kò sẹ́ni tó tì í. Kò sẹ́ni tó mutí yó. Afárá dúró dáadáa, gbogbo ìlú ń gba orí rẹ̀ kọjá, títí kan àwọn tó sá fún iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò san owó teguntegun? Ṣé ká ní kí ọkùnrin yìí lọ pe alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá lẹ́jọ́? Àbí ká ní kó lọ fara mọ́ kádàrá? Ìlú ló rán an níṣẹ́, ìlú ló ni ẹsẹ̀ tó kán. Bí ìlú bá sì dáwó fún un, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ìlú ti jẹ́wọ́ pé afárá kò dára.

Ibi tí òfin Amẹ́ríkà dé nìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ jà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1955, abẹ́rẹ́ tí Jonas Salk ṣe láti dènà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, inú gbogbo òbí ń dùn. Ilé iṣẹ́ Cutter, ní ìpínlẹ̀ California, wà lára àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ti pa ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn ìgò kan tó ti ọ̀dọ̀ Cutter jáde, kòkòrò náà ṣì wà láàyè. Nǹkan bí 200 ènìyàn ló rọ, ènìyàn 10 sì kú. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù ní 1958, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà sọ ohun kan tó ya àwọn lọ́yà lẹ́nu. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà kò ṣe àìbìkítà, ó ṣe é bí ìmọ̀ ìgbà náà ṣe mọ. Síbẹ̀ kí ó sanwó, torí ohun tó tà fún àwọn ènìyàn kọ́ ni ohun tó ní òun ń tà.

Ẹ fi ìdájọ́ yẹn sọ́kàn. Ó ti yọ owó kúrò lára ẹ̀bi láti ọjọ́ náà: kò sí ẹ̀bi, síbẹ̀ gbèsè wà.

Nígbà tó di 1982, ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Washington gbé àwọn ọmọ kan jáde, àwọn òbí wọn ní abẹ́rẹ́ DTP ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. DTP ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìfítéríà, tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ikọ́ burúkú tí ń gba èémí lẹ́nu ọmọdé. Ẹ̀rù ba àwọn òbí, ọ̀pọ̀ gba ilé lọ́yà lọ. Láàrin 1978 sí 1981, ẹjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n pe àwọn tó ń ṣe DTP. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ó ti lé ní 200 lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, méjì pa iṣẹ́ tì. Ẹyọ kan tó kù ní bí òun bá pàdánù ẹjọ́ wọ̀nyí, owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ òun yóò tó ìlọ́po 200 owó tí òun ń pa lórí abẹ́rẹ́ náà lọ́dún. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwọn dókítà ń ṣọ́ èyí tó kù lò.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Àwọn ilé iṣẹ́ ń sá. Ọmọ tí kò ṣàìsàn fẹ́ pàdánù ààbò rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí àkéte náà kò rí nǹkan gbà, torí ẹjọ́ ń falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó lọ́yà ń ga, bí ẹ̀rí kò bá sì dúró, òfo ni. Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Amẹ́ríkà wá ń wá kóòtù tí wọ́n lè gbé abẹ́rẹ́ lọ, tí wọ́n á ti ibẹ̀ bọ̀, tí abẹ́rẹ́ á ṣì wà.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin náà ní 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí i lóṣù kọkànlá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1988. Àdéhùn ni. Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ ṣe òun lọ́ṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni yóò lọ. Mínísítà ètò ìlera lolùjẹ́jọ́, lọ́yà ìjọba ló ń gbẹnu sọ fún un. Kóòtù kan ní Washington ló ń gbọ́ ẹjọ́ náà, àwọn adájọ́ àkànṣe tí òfin ní wọn kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ ló ń dá a.

Níbo ni owó ti ń wá? Nínú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Fún àrùn kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ kan bá ń dènà, sẹ́ǹtì 75 ń bọ́ sínú àpò kan. Abẹ́rẹ́ tó bá ń dènà àrùn mẹ́ta, dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 25. Ìlú ń dáwó de ẹsẹ̀ tí kò tíì kán.

Wọ́n tún ṣe àtẹ kan. Àwọn ọṣẹ́ tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ lè fà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkókò tó yẹ kí wọ́n fi yọjú. Bí ara bá ṣàdédé kọ abẹ́rẹ́, tí èémí há, tí ojú wú, láàrin wákàtí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ àìsàn Guillain-Barré, èyí tó ń sọ iṣan di aláìlágbára lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn flu, láàrin ọjọ́ 3 sí 42. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bá àtẹ mu, kóòtù yóò gbà á gbọ́, àfi bí ìjọba bá fi hàn pé nǹkan mìíràn ló fà á. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí lórí àtẹ ṣì lè mú ẹ̀rí wá. Wọn kò ní kó mú ẹ̀rí tí kò ní àbùkù wá. Kí ìwọ̀n ṣáà tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀ ju òdìkejì lọ, ó ti tó. Kódà bó bá pàdánù, bí ẹjọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti nídìí, tí kò fi ṣe ẹ̀tàn, àpò náà ni yóò san owó lọ́yà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ "ẹni tó sanwó ti jẹ́wọ́". Ọ̀nà mẹ́ta lowó ń gbà jáde níbẹ̀. Nínú èkíní, ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Nínú èkejì, adájọ́ ló pàṣẹ. Nínú ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ọ̀nà kẹta yìí ni nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó rówó gbà ti gbà á. Nínú ìwé àdéhùn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba á kọ ọ́ pé òun kò gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, olùpẹ̀jọ́ á kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ ni, wọ́n á wá jọ buwọ́ lù ú pé kí wọ́n san iye báyìí. Ẹni tó ń sanwó níbí kò kúnlẹ̀ rárá. Orí àga ló wà.

Kí ló dé tó fi wá san án? Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ Mícrà méjì forí gbárí ní Ìwó Road, kò dájú ẹni tó jẹ̀bi, ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn dé ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ gba èyí fi tún iná ọkọ̀ yín ṣe, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò jẹ́wọ́, kò sì sẹ́. Ó mọ̀ pé àríyànjiyàn yóò ná òun ju iná ọkọ̀ lọ ni.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ìdajì òótọ́ tàn yín. Bí ìfẹnukò kò ṣe jẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kò dá ẹnikẹ́ni láre. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń ṣe àwọn kan lọ́ṣẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí ń purọ́, irọ́ rẹ̀ ló sì ń fún ọkùnrin orí WhatsApp yẹn ní etí tó ń gbọ́ ọ. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé ó pọ̀ tó mélòó. Láti 2006, nínú bíi mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n pín kiri ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan ṣoṣo ló gba owó gbà-má-bìínú. Láàárín àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹjọ́ tó sì gba iwájú jù lọ ni ti èjìká: nọ́ọ̀sì gún abẹ́rẹ́ sókè jù, ó wọ ibi oríkèé, apá ń dun ènìyàn fún oṣù bíi mélòó kan. Ibi tí wọ́n gún un sí ló fà á, kì í ṣe ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́. Òun náà wà nínú bílíọ̀nù márùn-ún yẹn o.

Kóòtù náà kì í sì í ṣe ibi ìpín owó. Lẹ́yìn tí dókítà Andrew Wakefield gbé ìwádìí kan jáde ní London ní 1998 tó so abẹ́rẹ́ èéyi mọ́ àìsàn ọ́tísíìmù, ó lé ní ìdílé 5,000 tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí kóòtù yìí. Wọ́n yan ẹjọ́ mélòó kan ṣe àpẹẹrẹ fún ìyókù. Ní oṣù kejì ọdún 2009, àwọn adájọ́ dá mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ìdílé náà pàdánù. Ní 2010, mẹ́ta mìíràn tún pàdánù. Ọdún yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé ìwádìí Wakefield jáde fà á padà, tí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mi ò bá àwọn òbí wọ̀nyí wí. Ọmọ rẹ gba abẹ́rẹ́ lónìí, gìrì mú un lọ́la, kí lo máa rò? Àmọ́ àkùkọ ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àkùkọ kọ́ ló ń mú oòrùn yọ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà yẹ ènìyàn 14 wò tí wọ́n ti ń sọ pé abẹ́rẹ́ ikọ́ yẹn ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. Nínú 14, wọ́n rí àléébù kan nínú jíìnì àwọn 11, èyí tó ti wà lára wọn kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ kankan. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ètò tẹlifíṣọ̀n yẹn ni ìmọ̀ tó débẹ̀. Kóòtù kò lè dúró de ìmọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́ kò sì lè dúró.

Ètò yìí ní àléébù tirẹ̀. Owó ìtọ́jú àti owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn wà lọ́tọ̀, àmọ́ owó tí wọ́n lè san fún ìrora kò gbọdọ̀ ju 250,000 dọ́là lọ, iye kan náà ni wọ́n sì ń san fún ikú. Láti 1986 ni wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fún ènìyàn láti ìgbà tí àmì àìsàn bá kọ́kọ́ yọ. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ètò náà wà kí ilẹ̀kùn tó tì. Ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún sọ pé ènìyàn kò lè pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ lórí bí wọ́n ṣe gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ìyẹn nínú ẹjọ́ Bruesewitz àti Wyeth. Abẹ́rẹ́ Kòrónà kò tilẹ̀ sí nínú ètò yìí. Ilẹ̀kùn mìíràn ni tirẹ̀: ọdún kan péré ni wọ́n fún olùpẹ̀sùn, kò sí adájọ́, kò sí owó lọ́yà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn tó kàn án, ìwọ̀nba díẹ̀ ṣín-ún ni wọ́n ṣí i fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, òfin wà lọ́dọ̀ wọn náà láti 1979. £120,000 ni wọ́n ń san, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ẹni tí ọṣẹ́ náà bá gba ó kéré tán 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ara rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 55, òfo.

Àwa wá ńkọ́? Ẹ rántí Kánò. Ní 1996, àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́ mi yé o: oògùn ni Trovan, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú: 5 lára àwọn tó gba Trovan, 6 lára àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí ní oògùn náà pa àwọn ọmọ, ó sì sọ àwọn mìíràn di arọ àti adití. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló ṣe é. Ẹjọ́ rìn láti Kánò dé New York. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láì gbà pé òun jẹ̀bi. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀? Ní 2003, Kánò dá ètò ìtọ́ oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu ọmọ dúró, fún bíi ọdún kan. Ọ̀rọ̀ Trovan wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí. Àrùn náà tún ràn, ó kọjá ààlà wọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lé e lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé ẹ̀yà rẹ̀ ti àdánidá ti kúrò ní Áfíríkà. Gbèsè tí wọ́n kò tètè san fún ìdílé díẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ló wá bá wọn san èlé rẹ̀.

Nígbà Kòrónà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ètò gbà-má-bìínú kan kalẹ̀ ní 2021 fún orílẹ̀-èdè 92 tó gba abẹ́rẹ́ nípasẹ̀ ètò ìpín abẹ́rẹ́ COVAX, Nàìjíríà wà nínú wọn. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀. Mélòó nínú yín ló gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gún yín? Ètò tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé ó wà, àpótí owó tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù ni. Ní ti abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún ọmọ ọwọ́ lójoojúmọ́, kò sí irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Títí a ó fi ní i, ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí fún mi. Ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Bí ara ọmọ bá yí padà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ti rí i pé àkókò ni púpọ̀ nínú ẹjọ́ yẹn ń dúró lé. Kí ẹ sì padà sí ibi tí wọ́n ti gún un, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ibà lásán ni" lé yín padà láì kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tí ẹ dúró. Mo ti ní kì í ṣe òótọ́ pé ẹni tó bá sanwó ti jẹ́wọ́. Bí mo ṣe ń bá yín sọ ọ́ bọ̀ yìí, mo rí i pé ìjẹ́wọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ọkùnrin yẹn ń wí. Ẹni tó sanwó ti jẹ́wọ́ pé òun ló rán ọmọ náà níṣẹ́. Ó ti gbà pé òun náà ń gba orí afárá yẹn kọjá.